Ohun tí Ògbufọ̀ Sọ Nípa Omi

Ọdún méjìlélógún ni obìnrin yìí fi ṣiṣẹ́ ní kóòtù, kò sì sẹ́ni tó lè nàka sí i pé ó fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, tàbí pé ó yọ ata kúrò níbẹ̀. Ògbufọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀, Ògbufọ̀ náà ni wọ́n ń pè é, láti orí adájọ́ títí dé orí ẹni tó ń gbálẹ̀. Ohun tí ẹlẹ́rìí bá fi èdè ìyá rẹ̀ sọ, òun ni yóò gbé e kalẹ̀ fún adájọ́ ní èdè ìjọba. Èyí tí adájọ́ bá sì fi èdè ìjọba sọ, òun ni yóò dá a padà fún ẹlẹ́rìí.

Wọ́n ṣì ń sọ nípa ọjọ́ tí inú bí olè adìyẹ kan, tó kọjú sí adájọ́, tó ní orí rẹ̀ rí bí ìkòkò tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Gbogbo lọ́yà tó gbọ́ èdè náà tẹrí ba, wọ́n ń fi fáìlì bo ẹnu. Adájọ́ yíjú sí Ògbufọ̀, ó ní kí ló wí. Ògbufọ̀ dìde ṣánṣán, ó ní, "Olúwa mi, ó ní orí yín rí bí ìkòkò tí wọ́n gbàgbé sórí iná." Kò rẹ́rìn-ín, kò sì ṣẹ́jú. Adájọ́ wò ó títí, ó wá ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Látọjọ́ náà, bí àwọn ènìyàn bá ń jiyàn lórí ohun tí ẹnì kan sọ, wọ́n á ní, "Ẹ bi Ògbufọ̀."

Ẹni tó mọ odò í wẹ̀ náà ni odò ń gbé lọ.

Kò mọ ìyá tó bí i lójú. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ló tọ́ ọ dàgbà, òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ní ẹsẹ̀ òkè tó wà lẹ́yìn ìlú. Ìyá Olókè ni gbogbo ènìyàn ń pe obìnrin yìí, Màmá sì ni Ògbufọ̀ ń pè é. Ilé méje péré ló wà ní ẹsẹ̀ òkè náà, olúkúlùkù ní oko tirẹ̀ lẹ́yìn ilé àti kànga tirẹ̀ níwájú ilé. Omi kànga Ìyá Olókè tutù, ó sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀ bó bá bẹ̀rẹ̀ wò ó. Omi yẹn ló fi tọ́ àwọn ọmọ méjèèjì, èrè oko tó ń fi omi náà rin ló sì fi rán Ògbufọ̀ lọ sí ilé ìwé, níbi tó ti kọ́ èdè mẹ́ta tí kò gbọ́ nínú ilé.

Òkúta kan wà lára òkè náà tó ń dán, tí àwọ̀ rẹ̀ jọ aṣọ elésè àlùkò tí oòrùn ti mú ṣá díẹ̀. Àwọn ọmọdé fi ń ṣeré. Àwọn àgbà fi ń ti ilẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ má baà gbá a dé. Kò sẹ́ni tó kà á sí nǹkan kan.

Nígbà tó yá, àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè náà pẹ̀lú òòlù kékeré. Wọ́n ń ṣẹ́ òkúta, wọ́n ń kọ nọ́ńbà sí i lára, wọ́n ń dì í sínú àpò bí ẹni tó ń di ẹyin. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìlú gbọ́ pé lítíọ́mù ló wà nínú rẹ̀, pé òun ni wọ́n fi ń ṣe bátìrì tó ń tọ́jú iná oòrùn pamọ́ de òru, òun náà ni wọ́n sì fi ń ṣe bátìrì ọkọ̀ tí kì í mu epo. Gbogbo ayé ló ń wá a. Àwọn olùdókòwò kan láti òkè òkun ti ṣe tán láti fi owó wọn wa kùsà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ní wọn ò gbọdọ̀ fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n bá àwọn onílé méje sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì fọwọ́ síwèé.

Obìnrin kan ló ń ṣojú àwọn olùdókòwò náà. Ó wá sí kóòtù fúnra rẹ̀ láti wá ògbufọ̀, gbogbo ẹni tó sì bi léèrè, orúkọ kan náà ni wọ́n dá. Ó tẹ̀ lé Ògbufọ̀ délé lọ́jọ́ náà kí wọ́n lè jọ sọ̀rọ̀.

Iwájú ilé Ògbufọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ wà. Ọgbọ̀n ọdún ni ọkùnrin náà ti ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe; àdúgbò ń pè é ní Dókítà Jẹnẹrétọ̀, nítorí pé bó bá fẹ́ yẹ ẹ̀rọ wò, á kọ́kọ́ gbé etí lé e láyà. Àmọ́ èéfín àwọn aláìsàn rẹ̀ ti wọ òun alára lẹ́dọ̀fóró. Ó ń wúkọ́ bí ẹni tí okùn fún lọ́rùn. Dókítà gidi tó wà nílé ìwòsàn ti ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, òun náà sì ti fèsì pé kí dókítà wá fi tirẹ̀ sílẹ̀ kóun rí i.

Obìnrin àlejò náà dúró, ó ń wò ó bó ṣe ń wúkọ́ lé orí pulọ́ọ̀gì tó mú lọ́wọ́. Ó rọra sọ fún Ògbufọ̀ pé, "Báyìí gan-an ni bàbá tèmi ṣe wúkọ́ títí tó fi kú. Inú kòtò èédú ló ti ṣiṣẹ́. Ìdí rèé tí mo fi ń ṣe èyí. Bí bátìrì bá pọ̀ tó, kò sẹ́ni tó máa nílò láti máa fa èéfín símú mọ́."

Ògbufọ̀ mọ ohùn ẹni tó ń purọ́. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló ti mọ̀ ọ́n. Obìnrin yìí kò purọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ ọ́ lára.

Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Wẹ́dà ni. Ilé iṣẹ́ tó ti ń jó irin ti kógbá sílé láti ọdún méjì sẹ́yìn, ó sì ti di ẹni tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀, tó ń kí gbogbo ẹni tó bá ń lọ síbi iṣẹ́. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "àwọn onílítíọ́mù yẹn máa nílò wẹ́dà. Ẹ ṣáà bá wa ṣe é kó bọ́ sí i."

"Iṣẹ́ mi kọ́ ni kí n jẹ́ kó bọ́ sí i," ni Ògbufọ̀ dá a lóhùn. "Ohun tí wọ́n bá sọ ni màá sọ."

Ohun tó sì ní lọ́kàn náà nìyẹn.

Gbọ̀ngàn ilé ìwé ni wọ́n ti ṣe ìpàdé, lágogo mẹ́wàá òwúrọ̀. Àwọn onílé méje jókòó níwájú pẹ̀lú àwọn ará ilé wọn, àwọn ará ìlú tó wá wòran sì kún ẹ̀yìn. Àbúrò Ògbufọ̀ wà lórí ìjókòó kẹta, ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó fi ṣe ìgbéyàwó. Dókítà Jẹnẹrétọ̀ dúró sí ìta lẹ́bàá fèrèsé, kí ikọ́ rẹ̀ má baà dí ìpàdé lọ́wọ́. Lórí pèpéle ni obìnrin àwọn olùdókòwò wà, pẹ̀lú ẹnjiníà tó máa darí ìwakùsà náà, ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan tí awò ojú rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ògbufọ̀ dúró sáàárín wọn.

Wákàtí àkọ́kọ́ lọ geere. Ó tú ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ó tú ọ̀rọ̀ títì tí wọ́n máa ṣe, ó tú ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí àti eruku. Nígbà tí Káfíńtà, tí ilé rẹ̀ kángun sí ti Ìyá Olókè, bèèrè bóyá ariwo ẹ̀rọ máa jẹ́ kí ènìyàn sùn, ẹnjiníà ní ariwo máa wà, Ògbufọ̀ sì ní ariwo máa wà. Àwọn ènìyàn kùn díẹ̀, wọ́n sì dákẹ́. Ó dùn mọ́ wọn nínú pé àwọn àlejò ò tàn wọ́n.

Ìyá Olókè wá dìde. Kò gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí wọ́n nà sí i.

"Ẹ bá mi bi í," ó ní. "Bí ẹ bá gbẹ́ ilẹ̀ jìn ju kànga tiwa lọ, omi tiwa ń kọ́? Ṣé kì í ṣe ibi tó bá jìn jù ni omi máa ń ṣàn lọ?"

Ògbufọ̀ tú u. Ẹnjiníà yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn. Ó ní àwọn ti yẹ omi abẹ́ ilẹ̀ wò níbi mẹ́rin. Ó ní pẹ̀lú ohun tí àwọn rí títí di àsìkò yìí, àwọn kò rò pé kànga wọn á gbẹ, àmọ́ àwọn kò lè fọwọ́ sọ̀yà, nítorí pé ilẹ̀ kì í fi gbogbo inú rẹ̀ hàn ènìyàn. Ó ní bí omi bá lọ sílẹ̀, àwọn á wọ̀n ọ́n, àwọn á kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn á sì jókòó wo ohun tó bá yẹ ní ṣíṣe. Ìdáhùn olóòótọ́ ni. Bí Ògbufọ̀ bá tú u bó ṣe rí, kò sí àbùkù nínú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ó la ẹnu. Gbogbo gbọ̀ngàn ń wò ó. Ó rí i pé "a kò lè fọwọ́ sọ̀yà" yẹn, bó bá bọ́ sílẹ̀ sáàárín àwọn onílé méje, wọ́n á dìde ni, wọ́n á máa lọ sílé. Ó rí ojú àbúrò rẹ̀ lórí ìjókòó kẹta. Ó gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ wúkọ́ lẹ́yìn fèrèsé, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Ó wo obìnrin àlejò, ìyẹn náà ń wò ó pẹ̀lú ìrètí.

"Ó ní omi yín kò ní gbẹ," ni Ògbufọ̀ wí.

Èémí tú nínú gbọ̀ngàn. Àwọn kan pàtẹ́wọ́.

Ìyá Olókè kò tíì jókòó. "Ṣé bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Obìnrin àgbàlagbà náà wò ó fún ìgbà díẹ̀. "Ó dáa," ó ní. "Bó bá jẹ́ láti ẹnu rẹ ni, mo gbọ́."

Òun ló kọ́kọ́ tẹ̀ka. Ó ki àtàǹpàkò bọ inú yíńkì, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó sì fi ìwé àtijọ́ kan nu ọwọ́. Nígbà tí àwọn ilé mẹ́fà tó kù rí i pé Ìyá Olókè, tí kì í ra iyọ̀ láìtọ́ ọ wò, ti tẹ̀ka, àwọn náà tò sẹ́yìn rẹ̀.

Bí Ògbufọ̀ ṣe ń rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà, ó ń bá ara rẹ̀ ṣe ẹjọ́. Ó ní òun ò purọ́. Òun kàn gé e kúrú ni. Ṣebí ọkùnrin náà ní òun ò rò pé á gbẹ? Ṣebí ìyẹn náà ni kókó rẹ̀? Òun ni agbẹjọ́rò, òun ni adájọ́, ó sì dá ara rẹ̀ sílẹ̀ kó tó dé ẹnu ọ̀nà.

Ọdún àkọ́kọ́ dára, kò sí àní-àní. Àbúrò rẹ̀ rí iṣẹ́ wẹ́dà, ó gbé akoto ofeefee kọ́rí, kò sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà mọ́. Wọ́n kun ilé ìwé lọ́dà. Títì dé ẹsẹ̀ òkè. Sólà àti bátìrì wọ ìlú, owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ sì jẹ́ kí àwọn ènìyàn lè rà á díẹ̀díẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ lójúlé sí ojúlé. Dókítà Jẹnẹrétọ̀ bú wọn títí, lẹ́yìn náà òun fúnra rẹ̀ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń so bátìrì. Nígbà tí ọdún fi máa yí po, ikọ́ rẹ̀ ti dínkù débi pé ìyàwó rẹ̀ ń jí lálẹ́ láti wò ó bóyá ó ṣì ń mí. Ògbufọ̀ a máa rántí ìdájọ́ tó dá fún ara rẹ̀, inú rẹ̀ a sì dùn.

Gbogbo ọjọ́ Sátidé ló máa ń lọ kí Ìyá Olókè. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì, ó kíyè sí i pé kókó kan wà lára okùn kànga, níbi tí wọ́n ti so okùn mìíràn mọ́ ọn kó lè gùn sí i.

"Màmá, kí ló dé tí okùn fi ní kókó?"

"Omi sún sẹ́yìn díẹ̀," ni Ìyá Olókè wí. "Èmi náà, ṣé ibi tí mo wà láti ìgbà èwe mi ni mo ṣì wà?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Àmọ́ lẹ́yìn oṣù méjì, kókó ti di méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, mẹ́ta. Lókè lọ́hùn-ún, kòtò kùsà ti jìn débi pé ọkọ̀ ńlá tó bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀ dà bí páálí ìṣáná, pọ́ǹpù mẹ́rin sì ń fa omi jáde nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru kí àwọn òṣìṣẹ́ má baà rì. Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ariwo pọ́ǹpù yẹn mọ ibi tí omi ń lọ. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa sọ ọ́.

Ní Sátidé kan nínú ọdún kẹta, Ìyá Olókè ju korobá sínú kànga níṣojú Ògbufọ̀. Okùn náà lọ títí ó fi kù díẹ̀ kó tán lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ìró omi. Ó fà á, ó fà á, korobá dé òkè pẹ̀lú ẹrẹ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó fi ìka ro ó, ó sì da ẹrẹ̀ náà sídìí ewébẹ̀ kan tó ti ń rọ. "Kì í ṣe àná ló bẹ̀rẹ̀," ó ní. Ó gbé korobá náà wọlé, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ sí kọ̀rọ̀ ìyẹ̀wù, bí ẹni tó ń tọ́jú nǹkan tí kò ní lò mọ́ lọ́dún yẹn.

Àwọn onílé méje kó ara wọn jọ, wọ́n gba ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ náà lọ. Kọ̀ǹténà kan ni, tí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ tutù bí ẹnu ibojì. Ẹnjiníà ti lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Obìnrin tó ń ṣojú àwọn olùdókòwò kò sí mọ́ pẹ̀lú. Àwọn tó rán an ti ta ìpín wọn fún àwọn ẹlòmíràn, òun náà ti gba ibòmíràn lọ. Akọ̀wé kan tí kò gbọ́ èdè wọn ló jókòó dè wọ́n. Ṣé ẹ wá mọ ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè láti wá túmọ̀? Ògbufọ̀ ni.

Káfíńtà ló gbẹnu sọ. Ó ní ilé iṣẹ́ ṣèlérí pé kànga kò ní gbẹ. Ògbufọ̀ tú u. Akọ̀wé ṣí fáìlì kan, ó wá ọjọ́ ìpàdé, ó sì ka ohun tó wà níbẹ̀ sókè ní èdè ìjọba, gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó wá nawọ́ sí Ògbufọ̀ pé kó tú u fún wọn.

Báyìí ni Ògbufọ̀ ṣe tú ìdáhùn ẹnjiníà náà lẹ́ẹ̀kejì, ní pípé, ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà tó yẹ. Ó tú ibi mẹ́rin tí wọ́n yẹ̀ wò. Ó tú "a kò lè fọwọ́ sọ̀yà." Ó tú "a ó jókòó wo ohun tó bá yẹ ní ṣíṣe."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ la ṣe gbọ́ ọ," ni Káfíńtà wí.

Ògbufọ̀ tú ìyẹn náà. Akọ̀wé gbé ojú sókè. "Ta ló túmọ̀ fún yín lọ́jọ́ náà?"

Ó tú ìbéèrè náà fún wọn, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ojú mẹ́fà yí sí i, wọn ò tíì bínú. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ṣì ń wá bí kò ṣe ní rí bí wọ́n ṣe rò. Káfíńtà la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ìyá Olókè gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Èmi ni mo bèèrè nípa omi," ó ní, "èmi náà ni mo ṣì í gbọ́. Etí mi ti di lápá kan. Nígbà tí mo tẹ̀ka, gbogbo àwọn yìí tẹ̀ lé mi."

Ọ̀rọ̀ di ti Ògbufọ̀. Akọ̀wé ń wò ó, ó ti mú bírò dání. Ohun tó yẹ kó sọ wà lórí ahọ́n rẹ̀: irọ́ ni, ẹ má kọ ìyẹn, èmi ni. Kò sọ ọ́. Ó túmọ̀.

"Ó ní òun ni òun bèèrè nípa omi, òun náà ni òun ṣì í gbọ́," ó wí ní èdè ìjọba. "Ó ní etí òun ti di lápá kan. Ó ní nígbà tí òun tẹ̀ka, gbogbo àwọn yìí tẹ̀ lé òun."

Kò fi kún un, kò sì yọ níbẹ̀. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn onílé gbà pé àṣìgbọ́ ni. Ó ní ilé iṣẹ́ máa ṣàánú wọn, wọ́n á máa rán táńkà omi kan wá lọ́sẹ̀.

Omi táńkà lè wẹ ènìyàn, kò lè bomi rin oko. Kí òjò tó dé, Ìyá Olókè ti kó dé ilé Ògbufọ̀. Wọ́n fún un ní yàrá tó kọjú sí ọgbà. Ó ń jí láago márùn-ún bó ṣe máa ń ṣe, á wọ bàtà oko rẹ̀, á jókòó sétí ibùsùn, nígbà tó bá yá á tún bọ́ bàtà náà. Ilé tó ní omi ẹ̀rọ ló wà, àmọ́ omi tó bá fi fọ ọwọ́ ló fi ń fọ àwo, èyí tó bá fi fọ àwo ló fi ń nu ilẹ̀. Kò dá ọ̀rọ̀ kànga sílẹ̀ rí. Ìyẹn gan-an ló ń jẹ Ògbufọ̀ nínú jù. Ká ní ó bú u ni, ì bá rí nǹkan dì mú.

Ní ọ̀sán Àìkú kan, Ìyá Olókè ń so bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì Dókítà Jẹnẹrétọ̀, Ògbufọ̀ wá jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Màmá, ọjọ́ ìpàdé yẹn, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ṣì í gbọ́."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀ látìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ náà." Ìyá Olókè kò gbé ojú kúrò lára abẹ́rẹ́. "Ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀ títí. Mo ti ka gbogbo fèrèsé gbọ̀ngàn yẹn tán, ó ṣì ń sọ. Ìwọ wá sọ gbólóhùn kan, o dákẹ́. Mi ò kàwé, àmọ́ bí wọ́n bá fi agbọ̀n kan bu ìyẹ̀fun jáde, tí wọ́n wá fi ife gbé e fún mi, màá mọ̀ pé nǹkan ti ṣubú lọ́nà."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi tẹ̀ka?"

"Mo rò pé ohun kan wà tó o mọ̀, tí èmi ò mọ̀. Èmi ni mo rán ọ lọ sílé ìwé. Bí mi ò bá gbà ọ́ gbọ́, kí ni mo rán ọ lọ ṣe níbẹ̀?"

Omijé gba ojú Ògbufọ̀. Ó gbé orí lé itan obìnrin náà, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Ìyá Olókè gbé abẹ́rẹ́ sápá kan kó má baà gún un.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ wá gbà á sórí ara yín lọ́dọ̀ akọ̀wé?"

"Ẹnu lo fi ń jẹun. Oko tèmi ti lọ. Ṣé kí tìrẹ náà máa lọ ni?" Ó fọwọ́ lé e lórí. "Mo ti dárí jì ọ́, má fi ìyẹn da ara rẹ láàmú. Àmọ́ bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Èmi nìkan kọ́ ni mo tẹ̀ka. Mi ò lè bá àwọn ilé mẹ́fà yẹn dárí jì ọ́."

Lọ́jọ́ Ajé, Ògbufọ̀ lọ bá akọ̀wé àgbà kóòtù, ó kọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, ó búra lé e lórí, ó sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ náà àti sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ohun àlùmọ́ọ́nì. Oṣù mẹ́rin ni èsì fi pẹ́. Ojú ìwé kan péré ni. Wọ́n ní ìwé tí àwọn onílé tẹ̀ka sí wà ní èdè ìjọba, kò sì sí ìlérí omi nínú rẹ̀. Àṣìṣe ògbufọ̀ kì í ṣe ti ilé iṣẹ́. Adájọ́ tó ti pẹ́ tó ti mọ̀ ọ́n, tí kò bínú lórí ọ̀rọ̀ ìkòkò, pè é sí yàrá rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní òun kò tún lè jẹ́ kó dúró sáàárín ẹlẹ́rìí àti ilé ẹjọ́, nítorí lọ́yà tó bá gbọ́ á ní kí wọ́n tún gbogbo ẹjọ́ rẹ̀ gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí yàrá fáìlì, níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀ bí kò ṣe eruku.

Ọkọ rẹ̀ bá a kẹ́dùn. Àbúrò rẹ̀, tó ṣì ń bá wọn ṣiṣẹ́ lórí òkè, kò mọ ibi tó máa gbé ojú sí. "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo fà á," ó ní. Ògbufọ̀ ní kó má sọ bẹ́ẹ̀. "O bẹ̀ mí. Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́, kì í ṣe tìrẹ."

Ó ku àwọn ilé mẹ́fà. Ó dúró títí di ọjọ́ Sátidé, ó sì lọ sí ẹsẹ̀ òkè náà, ó ń yà lójúlé sí ojúlé. Ó ti rò pé bóun bá dé ilé kejì, á ti rọrùn. Kò rọrùn. Nílé àkọ́kọ́, ìyàwó ilé jókòó, ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ la sì ń ní kí àwọn ọmọ wa dà bíi yín." Nílé kejì, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Nílé kẹta, bàbá arúgbó kan dì í lọ́wọ́ mú, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó wá, ọpẹ́ náà sì dùn ún ju ilẹ̀kùn lọ. Ilé kẹrin ti ṣófo. Wọ́n ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn. Ó dúró síwájú ilé náà fún ìgbà díẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ fún ògiri. Nílé karùn-ún, àbúrò onílé bú u débi tí agbára rẹ̀ mọ, Ògbufọ̀ sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìyí ojú padà.

Káfíńtà ló gbẹ̀yìn. Ó ń fá pákó nínú àtíbàbà rẹ̀. Kò dáwọ́ dúró nígbà tí Ògbufọ̀ ń sọ̀rọ̀, àfi nígbà tó dé ibi tí Ìyá Olókè ti gbà á sórí. Ó gbé ìfági sílẹ̀ níbẹ̀.

"Mo ti mọ̀ pé kì í ṣe etí Màmá," ó ní. "Màmá tó ń gbọ́ bí mo bá gbé ìkòkò kaná nílé mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Mo ti bínú. Ó ti pẹ́." Ó gbọn eruku pákó kúrò lápá. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá sọ ọ́ fúnra yín. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín. Òótọ́ yìí, ní báyìí, kí la fẹ́ fi ṣe?"

Ògbufọ̀ wá ìdáhùn ní gbogbo èdè tó gbọ́. Ó jókòó sórí àpótí tó wà níbẹ̀, Káfíńtà sì tún gbé ìfági, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn tí táńkà omi fi fun fèrè lójú títì. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kẹ́ẹ̀gì jáde láti ilé sí ilé. Káfíńtà gbé méjì, ó wo Ògbufọ̀, ó wá fẹnu júwe èyí tó kù nílẹ̀.

"Ẹ bá mi mú ìkan yẹn."

Ó gbé e, ó tẹ̀ lé e lọ sójú títì. Ó tò sẹ́yìn àwọn ènìyàn tó ti sọ òótọ́ fún láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀, kò sì sẹ́ni tó ní kó máa lọ. Nígbà tó kan òun, ó ṣí ẹnu kẹ́ẹ̀gì náà, ó sì dì í mú títí omi fi kún un.